Ọwọ́ Mi, Ẹnu Rẹ̀

Igun ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, lápá ọ̀tún,
nínú àpótí kékeré tí kò ju káàdì ìdìbò lọ,
ibẹ̀ ni mo ń gbé.
Aṣọ dúdú, kò sí òrùka, kò sí ẹ̀gbà,
kí ojú àwọn adití má bàa ṣìnà.
Ohun tí ẹnu bá sọ lọwọ́ mi ń sọ.
Ogún ọdún rèé tí mo ti ń ru ẹyin ẹlẹ́yin.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òkun Chiloé pọ́n.
Kì í ṣe pípọ́n epo;
ó pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.
Àwọn onímọ̀ ti ri àsíá mọ́ etíkun:
ẹ má jẹ ìṣáwùrú òkun, iná kì í pa májèlé inú rẹ̀.
Minísítà Evaristo Larenas dé láti Santiago
tòun ti bàtà rọ́bà tuntun,
iye owó rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀ òsì.
Ó wo omi lẹ́ẹ̀kan. Ó wo kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹta.
Ó ní, "Kí ni gbogbo ariwo yìí?
Ìyá mi àgbà a máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i,
a sì máa sè é títí yóò fi hó lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹ wò mí, ṣé mo kú?"

Àwọn tó yí i ká rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín owó oṣù.

Ọwọ́ mi ti gbéra kí n tó rò ó.
Ọsàn: ìka mẹ́ta ń fún atẹ́gùn.
Híhó: ìka márùn-ún ń jó lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kejì.
Ikú:
mo dúró díẹ̀.

Nítorí ní Quellón, nídìí ààrò,
bàbá mi jókòó, Nolberto Chiguay,
ẹni tí kò gbọ́ ìró rí,
àní ìró òkun tó bọ́ ọ dàgbà.
Agbọ̀n ìṣáwùrú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti àná.
Kò tíì jẹ ẹ́, kò tíì dà á nù,
ó ń dúró de ohun tí ìjọba máa wí.
Kò mọ minísítà. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló mọ̀.

Òfin iṣẹ́ wa kò ṣòro:
má fi kún un, má yọ níbẹ̀.
Bó bá sọ̀rọ̀ wèrè, sọ wèrè náà geere.
Mo ti túmọ̀ ẹni tó ní òjò kọ̀
torí pé àwọn obìnrin ń wọ ṣòkòtò.
Mo ti túmọ̀ ẹni tó ní ebi kò sí,
pé àwọn èèyàn kàn ń yánnu ni.
Mo délé, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́, mo sùn.

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè,
ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Ẹ wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Larenas, ó ń dán bí abọ́ tuntun.
Ikùn ẹlòmíràn ni ọ̀ràn ń lọ bá.

Mo parí gbólóhùn rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ pérépéré,
ọsàn, híhó, ìyá àgbà, gbogbo rẹ̀.
Lẹ́yìn náà, bó ṣe yíjú láti mu omi
(omi inú ike tó gbé wá láti Santiago),
mo yí ọwọ́ kan padà sí àyà mi,
àmì tí kò sí nínú ìwé kankan,
àmì ilé wa, láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin
tí mo fẹ́ fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná:
Fi sílẹ̀, olólùfẹ́ mi. Yóò pa ọ́ lára.

Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí mi.
Wọ́n ní mo ti ẹnu bọ ọ̀rọ̀ ìjọba.
Ẹnu kẹ̀? Ẹ tún fídíò náà wò, ètè mi kò mì.

Lálẹ́, bàbá mi fi àwòrán ránṣẹ́:
agbọ̀n òfìfo, ṣọ́bìrì,
ihò tuntun tí wọ́n ti bò lẹ́yìn ilé.

Lọ́la, minísítà yóò sọ̀rọ̀ lórí ìlera àwọn adití.
Wọ́n ní kí n má wá.