Ìbọn Afẹ́fẹ́ ní Ẹlẹ́gà

N kò mọ ẹni tó sọ Ẹlẹ́gà ní Ẹlẹ́gà.
Mo kàn mọ̀ pé láago mẹ́fà àárọ̀
ẹ̀gà ti gbé ẹjọ́ wọn dé orí igi àgbọn mi,
ọgọ́rùn-ún agbẹjọ́rò, adájọ́ kò sí níbẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bomi rin igi yẹn.
Ẹ wá wò ó báyìí:
imọ̀ rẹ̀ di òòyà, òòyà ọ̀hún tún ká léyín.
Wọ́n ya á ní fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n fi hun ilé,
ìtẹ́ ń rọ̀ dirodiro bí èso tí a kò gbìn.
Ìgbẹ́ wọn funfun lórí aṣọ tí ìyàwó mi sá,
funfun lórí garawa, funfun lórí fìlà àlejò.
Moréniké ní, "Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."
Ta ní í bá ẹ̀gà sọ̀rọ̀ tí yóò ráyè fọhùn?

Ṣódímú tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Láfẹ́nwá
ló yá mi ní ìbọn afẹ́fẹ́ bàbá rẹ̀.
Kò ní ẹ̀tù, kò ní èéfín.
Wàá ṣẹ́ ọrùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni ń ṣẹ́ ìrèké,
wàá fi ọta kan sí i, kò ju hóró ọkà bàbà lọ,
wàá dá ọrùn padà. Ó dún kẹ̀.
Ṣódímú ní, "Wo ẹ̀yìn ẹyẹ kí o tó wo ẹyẹ."
Mo rò pé òwe ló ń pa.

Ọta àkọ́kọ́ kò bá ẹ̀gà.
Ó bá táǹkì omi Ìyá Ṣówẹ̀mímọ́.
Omi ń tọ̀ ṣììrì láti òkè bí ọmọ ìkókó,
èmi tó yẹ kí n fi àtè mú ẹyẹ,
mo gun àkàbà, mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ táǹkì.

Ọta kejì lu pàánù ilé mi. Mo gbọ́ ọ.
Ó ti dípẹtà láti ayé bàbá mi,
àwọ̀ òrùlé Abẹ́òkúta. N kò ka ìyẹn sí.

Ọta kẹta bá a.
Gbogbo agbẹjọ́rò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.
Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ìdákẹ́jẹ́ yẹn;
ó dé, kò mọ́ mi lára.
Akọ ni. Orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè.
Ó ṣì há fọ́nrán imọ̀ mi kan sẹ́nu,
tútù, kò tíì rọ.
N kò lè fà á yọ.

Moréniké kò sọ nǹkan kan.
Ó fi ṣíbí ọbẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ nídìí àgbọn.
Kí ó tó wẹ ọwọ́ tán, ẹjọ́ ti tún bẹ̀rẹ̀ lókè.

Mo ti dá ìbọn padà.
Lánàá òjò rọ̀, òjò òru.
Ihò ọta kejì, òkè ibùsùn wa gan-an ló wà.
Omi ń kán tó, tó, sínú abọ́.
Nínú òkùnkùn, Moréniké ní,
"Ilé ẹ̀gà kò jò o."
Mo sún abọ́ díẹ̀ sí apá ọ̀tún.