Ìṣó Kan Ṣoṣo

Ìṣó kan ṣoṣo ló wà lára ògiri náà,
ní àbáwọlé sẹkitéríàtì ní Ìṣarà.
Bàbá mi, Odùfuwà mẹ́sẹ́ńjà, ló kàn án,
ẹ̀yìn àdá ló fi kàn án, wọn ò rí hámà.
Gbogbo gómìnà tó jẹ, orí ìṣó yẹn ni wọ́n gbé wọn kọ́.

Èyí àkọ́kọ́ wọ káàkì, ètè rẹ̀ le bí èkùrọ́.
Bàbá ní lọ́jọ́ tí fọ́tò rẹ̀ dé láti Abẹ́òkúta,
òun ti kí i ní "Ẹ káàárọ̀, sà,"
kí òun tó rántí pé bébà ni.
Èyí tó tẹ̀lé e wọ káàkì kan náà,
irunmú nìkan ló fi yàtọ̀.
Férémù kan náà ni. Owó férémù ò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì,
Bàbá kì í sì í ju nǹkan ìjọba nù:
á tú ẹ̀yìn férémù, á ti tuntun síwájú,
á fi ti àná ṣe páálí ìtìlẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni onífìlà dé, èyí tí a dìbò fún.
Ìyá mi tò láti ìdájí,
ó fi gààrí sílẹ̀ lórí ààrò fún ẹ̀gbọ́n mi, gààrí jóná.
Onífìlà ṣèlérí ọ̀dà fún ọ̀nà oko wa.
Ó fi katakata kan ránṣẹ́.
Katakata náà ṣì wà níbẹ̀, ewéko ti yọ lójú rẹ̀.
Títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí rédíò ń lu orin ológun ṣáá:
Bàbá ò dúró gbọ́ ìròyìn tán,
ó ti ń wá ẹ̀mú rẹ̀ kiri.

Tíṣà Ṣóyọmbọ ní ká há wọn sórí,
orúkọ, ọdún tó dé, ọdún tó lọ,
bí ẹni ń ka ìsọdipúpọ̀.
Mo gbàgbé ọ̀kan. Mo jẹ pàṣán kan.
Mo délé, mo ń sunkún, Bàbá bú sẹ́rìn-ín:
"Èyí tí o gbàgbé yẹn, èmi náà ò gbé e kọ́.
Fọ́tò rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé.
Mo kàn tì í bọ inú férémù láti ẹ̀yìn,
kó lè rí i sọ pé òun náà dé Ìṣarà."

Ìwé ò mọ ìyẹn.
Ilé wa ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀:
a bí mi nígbà onírunmú,
ẹ̀gbọ́n mi gbéyàwó ní sáà kejì ẹni tó lo ọdún mẹ́jọ,
tí oòrùn ojú fèrèsé fi jẹ fìlà rẹ̀ di funfun.

Bàbá gba ìwé ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ní gírátúítì ń bọ̀.
Gómìnà yìí ní gómìnà àná ló jẹ ẹ́,
ẹni tó tún dé ní òun ò bá fáìlì nílẹ̀.
Férémù náà ni wọ́n fún un, torí onígíláàsì dídán ti dé,
férémù àti ìwé ìdúpẹ́
tí wọ́n kọ Odùkọ̀yà sí dípò Odùfuwà.

Ọyẹ́ ló mú un lọ.
A wá férémù fún fọ́tò rẹ̀, a ò rí òmíràn.
Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ka mẹ́sàn-án, mo ka mọ́kànlá,
méjì ti lẹ̀ mọ́ra, irunmú ọ̀kan wà lábẹ́ fìlà èkejì.
Mo ní kí n dáná sun wọ́n.
Ìyá mi ní, "Fi wọ́n sílẹ̀.
Férémù òfìfo máa ń mì."

Bàbá mi ló wà níwájú báyìí,
nínú agbádá tó yá lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.
Àwọn tó jẹ ẹ́ lówó tò sẹ́yìn rẹ̀, wọn ò lè fọhùn.
Ẹnikẹ́ni ò tíì mú ẹ̀mú wá.
Lójú tèmi, ìgbà yìí
ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ibi fẹ̀yìn tì.