Síì Alámì Àròpọ̀ Méjì

Ogún ọdún ni mo fi Síì ka ẹja ní Ẹ̀pẹ́.
Ẹja lọ́tọ̀, òṣùwọ̀n lọ́tọ̀,
èmi ni mò ń gbé ọ̀kan tọ èkejì.
Bí mo bá gbàgbé, ẹ̀rọ a dákú.

Ráfátù ti iléèwé dé:
"Bàámi, ẹ jẹ́ kí ẹja mọ ìwọ̀n ara rẹ̀."
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹja wo ló mọ̀wé?

Ó kọ Ẹja lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo;
ẹpìà jogún un tìpẹ́tìpẹ́,
àrọ̀ lóun ò gba ìpẹ́.

Lóru, mo yọjú wo iṣẹ́ náà.
Nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà mi kan ṣì wà,
pẹ̀lú ìkìlọ̀ ọdún tí ọ̀sà wọlé:
*má fọwọ́ kan èyí.*

Kò fọwọ́ kàn án.