Ápù fún Tauno

Tauno, mo gbọ́ ìró bébà súìtì
ní aago méjì òru, nínú ilé ìdáná.
Ológbò wa kì í tú bébà.

Ọgbọ̀n ọdún lo fi yan kẹ́ẹ̀kì fún ará Oulu,
ìyẹ̀fun ṣúgà á bò ọ́ léjìká bí yìnyín,
èmi á gbọ̀n ọ́n nù lẹ́nu ọ̀nà.
Mo mọ̀ pé ahọ́n kì í fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.
Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ̀rọ̀,
ẹsẹ̀ rẹ náà ti sọ tirẹ̀:
ó ń ta ọ́ bí abẹ́rẹ́.

Jókòó. N kò jà.
Mo ti gbẹ́ inú ápù méjì,
àwọn tó kan díẹ̀, tí Kerttu já fún wa,
mo ki óòtì bọ̀ ọ́, àti èso igbó oṣù Kẹjọ,
pẹ̀lú oyin ṣíbí kan.
Ṣíbí kékeré ni. Má wò mí bẹ́ẹ̀.
Wọ́n ti wà nínú ààrò, awọ wọn ń là,
omi wọn ń hó yaya.

O tọ́ ọ wò. O ní, “Kò dùn tó.”
O tún bù ú. “Kò dùn tó,”
títí ṣíbí fi ń ha ìdí àwo.

N kò rẹ́rìn-ín.
Mo sún tèmi sọ́dọ̀ rẹ,
mo nawọ́ sínú bàtà òtútù rẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
mo fa ṣokoléètì tó kù yọ.
Ìdajì tìrẹ, ìdajì tèmi.
Ọ̀la ńkọ́?
Ọ̀la, ápù.