Ihò Imú Méjì

Bàbá mi kò rí òkun rí.
Òkè ló mọ̀, àpáta tó pọn àpáta bí ìyá ń pọnmọ.
Lẹ́yìn Ayédé, níbi tí Ògbèsè ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀
tí ewúrẹ́ lè fò ó,
ibẹ̀ ló mọ ògiri sí, bíríkì igba ó lé mẹ́ta.
Ó kà wọ́n, ó kọ iye wọn sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.
Kí tòmátì wa lè rí omi mu nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Ọdún mọ́kànlá.
Omi sùn lẹ́yìn ògiri, ó di àwọ̀ ewé, ó di ilé ẹ̀fọn.

Ẹbísẹ̀mijù, àna wa, ló pè láti Ugbónlá,
ohùn rẹ̀ ń já bí òwú:
“Iyọ̀ ti gòkè wọ odò wa.
Koríko tí màlúù omi ń jẹ ti pọ́n bí èyí tí iná jó.
Àná, a bá ọmọ rẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀,
ìyá ń mí lọ́ọ̀ọ́kán, kò lè wọlé.”
Bàbá ní, “Màlúù, nínú omi? Ta ló ń dà á?”
Ẹbísẹ̀mijù ní, “Omi yín ló ń dà á.”

Kò sùn lóru ọjọ́ náà.
Mo gbọ́ tó ń ṣírò lórí ẹní:
ògiri tèmi, ti Adéẹ̀ṣọ̀ nísàlẹ̀, ti àwọn ẹlẹ́ja, ti ìjọba tó tóbi ju gbogbo wa lọ.
“Èmi nìkan kọ́,” ló ń wí fún àjà.
Ó pẹ́ díẹ̀. “Ṣùgbọ́n èmi náà wà níbẹ̀.”

Ní ìdájí ó gbé òòlù.
Ìyá mi dúró láàárín tòmátì, ó káwọ́ mọ́ àyà;
kò bá a sọ̀rọ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀.
Bíríkì àkọ́kọ́ kọ̀. Ìkejì kọ̀.
Ìkẹta yọ, omi sì yọ orí
bí ọmọdé tí wọ́n ní kó má jáde.
“Ulé ló ń lọ,” bàbá mi wí.
Ulé. Bí a ti ń pè é nílé wa.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, Ẹbísẹ̀mijù tún pè.
Kò rí màlúù omi kankan, ká sọ òótọ́.
Ó ní lálẹ́ àná, lórí omi tó dákẹ́,
ihò imú méjì ṣí, wọ́n pa dé.
Ó lè jẹ́ èèpo igi. Ó lè jẹ́ ojú òun.
Àmọ́ òun ki ìka bọ omi, òun tọ́ ọ wò:
iyọ̀ náà ti dín.

Bàbá ní kó tún un sọ.
Ó gbé fóònù sáàárín etí tirẹ̀ àti tèmi.
Mo sún mọ́ ọn débi pé mo rí imú rẹ̀,
ihò méjì,
wọ́n ń ṣí, wọ́n ń pa dé.