Bàtà Inú Ọkọ̀ Òfurufú

Ní ṣọ́ọ̀bù Fámúyìdé onígbàjámọ̀, n'Ìkọ̀lé,
gẹ́rẹ́ tí eré parí ni wọ́n mú iná lọ.
Kò sẹ́ni tó dìde.

"Ọkọ̀ bàjẹ́ láàárín ìràwọ̀ méjì,
afẹ́fẹ́ ń tán lọ, ọkùnrin náà ní, 'Ṣé a ó kú ni?'
Rọ́bọ́ọ̀tì ní, 'Ìwọ nìkan ni. Fi bàtà rẹ sílẹ̀ fún mi.'
Ẹ wá pe ìyẹn láwàdà?"
Ìbídùn nìyẹn, inú ń bí i.

Dípọ̀ ní irin ò léyín, kí ló fẹ́ fi rẹ́rìn-ín?
Fámúyìdé ní, "Ẹ ò wò ó dáadáa. Kò lẹ́sẹ̀!
Táyà ló fi ń rìn. Kí ló fẹ́ fi bàtà ṣe?"
La bá bú sẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn,
àfi Tíṣà Adélúsì.

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ní ọsibítù Ìdó, ìyàwó mi ní,
'Bí mo bá lọ, má fún àbúrò rẹ ní sálúbàtà mi o,
ẹsẹ̀ rẹ̀ á fà á ya.'
A rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi lé mi síta.
Òru ọjọ́ náà ló lọ."

Iná dé. Tẹlifíṣọ̀n ń ṣẹ́jú.
Ìbídùn pa á,
ó sún àga rẹ̀ mọ́ ti Tíṣà:
"Sálúbàtà ọ̀hún ńkọ́, sà?"

"Ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mò ń gbọn eruku rẹ̀."