A Ń Kó Kúrò Nílé Fèrèsé

Lẹ́tà onílé dé lọ́jọ́ Ajé,
kì í ṣe onílé bíríkì o, onílé inú kọ̀ǹpútà.
Ó ní láti oṣù Ọ̀wàrà lọ
ẹ̀rọ mọ́kànlélógójì wa ti gbó jù fún yàrá òun tuntun:
ká ra òmíràn, ká sì máa san owó ilé lọ́dọọdún
lórí ohun tí ọmọ wa kò ní jogún.

Mo ka lẹ́tà náà fún Ọ̀gbẹ́ni Thorley
nínú ọ́fíìsì rẹ̀, lókè ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja.
Grimsby nìyí: bí o fọ aṣọ lẹ́ẹ̀méje,
òórùn èéfín ṣì mọ orúkọ rẹ.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká kó lọ sọ́dọ̀ ẹyẹ tí kì í fò,
ẹyẹ dúdú aláyà funfun tó ń gbé orí yìnyín.
Ilé rẹ̀ kò ní yàrá ìkọ̀kọ̀.
Ẹni tó bá fẹ́ wo ìpìlẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ wò ó,
ẹni tó bá rí ibi tó ń jò, kó dí i."
"Èló?"
"Ọ̀fẹ́ ni."
Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹja tó ti pẹ́ lóòrùn.
Ó ní ẹja ọ̀fẹ́ ni egungun máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.
Bó bá bàjẹ́ láago mẹ́rin ìdájí ńkọ́, ta la ó pè?
Mo dákẹ́ díẹ̀.
Mo ní, "Èmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gba oorun lójú mi.
Mo tẹ́ bébà sórí tábìlì ilé ìdáná mi ní Cleethorpes,
mo kọ orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bí orúkọ ará ilé:
èyí tó ń sáré, èyí tó ń wúkọ́,
èyí tí Rimas fi ń ka ìwọ̀n ẹja tó ti èbúté dé,
ẹ̀rọ ìtẹ lébẹ́ẹ̀lì tí kò gbọ́ èdè méjì.
Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o:
mo ṣe ẹ̀dà gbogbo nǹkan lọ́nà mẹ́ta,
mo sì gbé ọ̀kan sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Lincoln.

Glenys tó ń ṣírò owó kò bá mi jà.
Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú ẹ̀rọ rẹ̀
bí ìyá tó ń bo ọmọ lójú òjò.
Ìwé ìṣirò kan wà níbẹ̀ tí Alf Bratley kọ
kó tó kú, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn,
òǹkà tó so mọ́ òǹkà bí àwọ̀n,
kò sẹ́ni tó mọ ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀.
Mo ṣí i nínú ilé tuntun. Ìdajì rẹ̀ wó.
Owó oṣù àwọn tó ń gé ẹja di àmì ìbéèrè.
Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí n kò retí,
níbi tí Fèrèsé àná ti ta aṣọ bò,
àkọsílẹ̀ kékeré kan yọjú:
"Glen, aago mẹ́fà ti lù. Fi sílẹ̀. Máa lọ sílé."

Ó kà á. Ó tún un kà.
Ó dìde, ó lọ gbé omi tíì kaná,
kò sì bu tíì fún ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tún ètò mi kọ.
Ogójì ẹ̀rọ yóò kó ní Sátidé tí ọkọ̀ ojú omi kì í dé.
Ti Glenys, a ó yọ okùn ayélujára lára rẹ̀,
a ó jẹ́ kó jókòó sí igun bí àgbà tó ní òun kò lọ,
títí a ó fi tú àwọ̀n Alf lójú kọ̀ọ̀kan.
Thorley fọwọ́ sí i, kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní kí n má ṣe pa fóònù mi.

Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi báyìí.
Ẹ̀rọ lébẹ́ẹ̀lì kò tíì gbọ́ èdè méjì.